Ariwo kọ̀ǹpútà ń wọ inú àlọ́ tí mò ń gbà sílẹ̀, kí ni kí n ṣe sí i?

Ìyá Alálọ̀ọ́, Aṣéró

Ẹ kú ojúmọ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì mọ̀ pé àwọn tó mọ inú kọ̀ǹpútà dáadáa kò wọ́n níbí.

Àlọ́ ni mo máa ń gbà sílẹ̀: àlọ́ ìjàpá, àlọ́ olórin, àti oríkì orílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, fún àwọn ọmọ wa lókè òkun tí òbí wọn fẹ́ kí wọ́n máa gbọ́ Yorùbá kí wọ́n tó sùn. Yàrá kan nínú ilé wa ní Aṣéró ni mo ti ń ṣe é. Dell OptiPlex 7010 ni kọ̀ǹpútà mi, tókùnbọ̀, èyí tó ga lóòró, kì í ṣe pẹlẹbẹ. Processor rẹ̀, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, jẹ́ i5-3470, RAM rẹ̀ 8GB, hard disk 500GB tó bá a wá náà ló ṣì wà nínú rẹ̀. Ní ti iṣẹ́, kò já mi kulẹ̀ rí. Audacity, ètò tí mo fi ń gbohùn sílẹ̀, ń ṣí, kì í kú lójijì. Ariwo rẹ̀ ni wàhálà.

Tí mo bá tàn án láàárọ̀, ó máa ń rọra hùn ni. Tó bá fi máa di ìyálẹ̀ta, tí páànù orí ilé ti gbóná, fáànù rẹ̀ á gbéra, wùùùù, kò sì ní sọ̀ kalẹ̀ mọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìkùn mìíràn tún wà lábẹ́ rẹ̀ tí kì í dúró, tó jẹ́ pé tí mo bá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé tábìlì, tábìlì ń gbọ̀n. Ibi tó ti ń dùn mí jù ni ibi tí àlọ́ ti yẹ kó dákẹ́. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó ń pàlọ́ ní ibi tó ti gbọ́dọ̀ dánu dúró, kí ọmọ lè máa rò ó pé kí ni ìjàpá fẹ́ ṣe báyìí. Ibẹ̀ gan-an ni ariwo náà ti ń yọjú. Ìyá kan kọ̀wé sí mi láti Ìlú Ọba pé ọmọ òun béèrè pé, ṣé òjò kì í dá nílé ìyá alálọ̀ọ́ ni?

Mo ti lo Noise Reduction inú Audacity. Ó ń yọ ariwo náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń bù lára ohùn mi mọ́ ọn. Ìparí ọ̀rọ̀ kì í yọ mọ́, orin àlọ́ sì máa ń dún bí ẹni tó ń kọrin lábẹ́ omi. Mi ò lè fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ ọlọ́mọ.

Àbúrò ọkọ mi ní kí n gbé kọ̀ǹpútà náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígi, kí n fi fóòmù tẹ́ inú rẹ̀, kí n ti ilẹ̀kùn pa. Káfíńtà láti Adátán ti wá wọn ibẹ̀. Kí n tó sanwó ni mo ní kí n béèrè lọ́wọ́ yín. Ṣé ó dára bẹ́ẹ̀, àbí fáànù ni kí n pààrọ̀? Owó ọwọ́ mi kò tó ra kọ̀ǹpútà tuntun. Iná NEPA là ń lò, inverter sì wà nínú yàrá náà fún ìgbà tí wọ́n bá mú un lọ.


Oníkọ̀ǹpútà Pànṣẹ́kẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá wa. Ọlọ́run á máa ti iṣẹ́ yín lẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá káfíńtà yẹn dúró ná.

Ooru ló ń fa ariwo tí ẹ ń gbọ́ lọ́sàn-án. Fáànù inú OptiPlex kì í ṣàdédé sáré. Motherboard, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà so mọ́, ló ń wo bí processor ṣe gbóná tó, tó bá ti kọjá bó ṣe yẹ, á ní kí fáànù yára. Tí ẹ bá wá tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù tí fóòmù yí ká, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó tú jáde lẹ́yìn ni yóò tún máa fà mu níwájú. Kò ní pẹ́ tí fáànù á fi máa sáré dé òpin agbára rẹ̀, ẹ ó sì máa gbọ́ ọ láti inú igi. Ooru ni ká bá jà. Bí ooru bá ti lọ sílẹ̀, fáànù á rọra máa yí, ẹ ò sì ní gbọ́ ọ mọ́.

Mo fẹ́ kí èyí yé gbogbo wa dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ ohun tí a ń wò lórí YouTube nípa kọ̀ǹpútà tí kì í pariwo, ìlú olótùútù ni wọ́n ti ṣe é. Kò sí fáànù tó lè mú processor tutù ju afẹ́fẹ́ inú yàrá lọ. Ìwọ̀n ooru tí processor fi ga ju yàrá lọ ni fáànù lè dín kù, kò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀. Ká ní yàrá ẹnì kan ní Jámánì wà ní 21°C, tí processor rẹ̀ sì fi 40 lé e, 61 nìyẹn. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà kan náà, iṣẹ́ kan náà, wá sí yàrá tó wà ní 34°C lábẹ́ páànù Abẹ́òkúta nínú oṣù Ẹrẹ́nà, ó ti di 74. Fáànù tiwa á ti gbéra nígbà tí tiwọn ṣì ń sinmi. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbà fún ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ yọ fáànù kúrò pátápátá lórí i5-3470. 77W, ìyẹn ìwọ̀n ooru tó lè máa tú jáde, ni Intel tó ṣe é kọ fún un.

Eruku ni kí ẹ kọ́kọ́ dojú kọ. 2012 ni 7010 jáde. Ó ti pẹ́ lókè òkun kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó sì ti rí ọyẹ́ ní ilẹ̀ yìí. Wọ́n gbé irú rẹ̀ kan wá bá mi láti ṣọ́ọ̀bù aláàdìrẹ kan ní Ìtòkú. Nígbà tí mo tú fáànù kúrò lórí irin tó ń fa ooru, mi ò rí àlàfo àárín irin náà rárá. Eruku pupa àti òwú aṣọ ti lẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, ó nípọn débi pé èékánná ni mo fi há a kúrò ní odindi. Fáànù ń fẹ́ atẹ́gùn tọ̀sán-tòru, atẹ́gùn ò ríbi gbà kọjá.

Bí ẹ ṣe máa ṣe tiyín rèé. Ẹ yọ okùn iná, ẹ tẹ bọ́tìnnì tí ẹ fi ń tàn án mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí iná tó ṣẹ́ kù sínú rẹ̀ tán, ẹ gbé e bọ́ síta. Blower tàbí búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí ẹ fi lé eruku jáde. Ẹ fi ìka di fáànù mú nígbà tí ẹ bá ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, torí tí blower bá ń yí i ní àyíjù, ibi tó dúró lé lè bàjẹ́. Ẹ fẹ́ inú power supply náà, ìyẹn àpótí irin tí okùn iná ń wọ̀, láti ìta, ṣùgbọ́n ẹ má ṣí i o. Iná máa ń pẹ́ nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ okùn, ó sì lè gbé èèyàn.

Lẹ́yìn eruku ni thermal paste, èyí tí wọ́n fi sáàárín processor àti irin. Tó bá ti pọ̀ lọ́dún, ó máa ń gbẹ, ooru kì í sì í rọ́nà kọjá dáadáa mọ́. Ẹ tú síkúrù irin náà díẹ̀díẹ̀, láti igun kan sí igun tó dojú kọ ọ́, ẹ rọra yí irin náà sọ́tùn-ún sósì kí ẹ tó gbé e. Ẹ fi spirit àti aṣọ tí kì í tú òwú nu méjèèjì títí á fi dán. Paste tuntun tí ẹ máa kán sáàárín processor, kó má ju hóró ẹ̀wà kan lọ.

Èyí tó kàn kò ní ná yín ní kọ́bọ̀. Nínú Windows, ẹ lọ sí Power Options, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Maximum processor state sí, ẹ gbé e láti 100% wá sí 99%. Processor yín ń rìn ní 3.2GHz, ó sì máa ń ta dé 3.6 tí iṣẹ́ bá dé. 99% yẹn kò ní jẹ́ kó ta mọ́. Audacity kò ní mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n ooru á dín kù.

Ní ti fáànù fúnra rẹ̀: tí ẹ bá dín eré rẹ̀ kù sí ìdajì, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ á dín sí ìdajì, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ á lọ sílẹ̀ tó nǹkan bíi 15 dB, ìwọ̀n tí a fi ń wọn ariwo. 10 dB ti tó kí etí èèyàn gbà pé ariwo ti dín sí ìdajì. Ohun tó jẹ́ kí fáànù ńlá, 120mm, tó ń rọra yí ní ìgbà 800 ní ìṣẹ́jú kan, dára ju fáànù kékeré 80mm tó ń fi eré tete fẹ́ irú afẹ́fẹ́ kan náà nìyẹn. Ẹ tún wo ibi tí ariwo náà ń bọ́ sí. Ẹ jẹ́ ká ní fáànù ní apá méje, ó ń yí ní 1,800 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ìgbà 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. 30 lọ́nà 7 jẹ́ 210. 210Hz, ìyẹn ìgbà 210 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ibi tí ohùn obìnrin ń gbé gan-an nìyẹn. Ìdí rèé tí Audacity kò fi lè fa ariwo náà tu kó má fa ohùn yín mọ́ ọn. Àfi ká pa á lẹ́nu mọ́ kó tó dé inú máíkì.

Ìkùn tó ń gbọn tábìlì yẹn, hard disk ni. Èyí tó wọ́pọ̀ nínú OptiPlex máa ń yí ní 7,200 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 120 ní ìṣẹ́jú àáyá. Irin àpótí gbà á, ó gbé e fún tábìlì, tábìlì gbé e fún ẹsẹ̀ máíkì. SSD, èyí tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà bíi hard disk, kò ní ohunkóhun tó ń yí nínú. Tó bá jẹ́ pé owó ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ yín, ẹ fi ra SSD oní-SATA, 240GB tàbí 256GB, kí ẹ tó ronú kan fáànù. Àwọn àlọ́ àtijọ́ yín lè wà lórí hard disk náà, kí ẹ máa fi okùn USB sọ ọ́ mọ́ ọn nígbà tí ẹ bá nílò wọn nìkan.

Ẹ má tíì ra fáànù o. Lórí ọ̀pọ̀ OptiPlex, ẹnu okùn fáànù Dell kò bá ti ọjà mu. Tí motherboard kò bá rí fáànù tó mọ̀, á kọ "Alert! Previous fan failure" sójú, á sì ní kí ẹ tẹ F1 ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tàn án. Ẹ ṣe èyí tí mo sọ yìí ná, kí ẹ wá sọ ohun tó kù tí ẹ ń gbọ́.


Ọmọ Ọ̀bántòkò

Gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ ló rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un. Mà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbohùn, ẹ ṣí Task Manager kí ẹ wo ohun tó ń jẹ processor. Chrome tó ṣí sílẹ̀, Windows Update, antivirus tó ń yẹ fáìlì wò, èyíkéyìí nínú wọn lè jẹ́ kí fáànù gbéra láìjẹ́ pé ẹ̀ ń ṣe ohunkóhun. Ẹ pa dátà títí ẹ ó fi ṣe tán.

Lọ́jọ́ iwájú, tí owó bá wà, ẹ wo mini PC tó ní Intel N100. 2023 ló jáde, 6W ni wọ́n kọ fún un, ẹ fi wé 77W tiyín. Ó wà tí kò ní fáànù rárá, irin ara rẹ̀ ló ń tú ooru dànù. Fún Audacity àti máíkì kan, ó tó. Kí ẹ sáà rí i pé èyí tí ẹ fẹ́ rà kò ní fáànù nínú lóòótọ́, torí oní-fáànù kékeré ló pọ̀ jù lọ́jà, àwọn fáànù kékeré yẹn sì máa ń súfèé.


Bàbá Ìbarà

Mo kí yín o, Ìyá Alálọ̀ọ́. Iṣẹ́ tí ẹ̀ ń ṣe fún àwọn ọmọ wa wú mi lórí. Iṣẹ́ ohùn ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lápá ti máíkì, kí àwọn ọmọ yìí máa bá ti kọ̀ǹpútà lọ.

Báwo ni ẹnu yín ṣe jìnnà sí máíkì tó? Ọ̀pọ̀ ló máa ń gbé e síwájú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n lè rí ojú kọ̀ǹpútà kà, ẹnu wọn á wà ní 40cm sí i. Tí ẹ bá mú un wá sí 20cm, ohùn yín á fi nǹkan bíi 6 dB ròkè, ẹ ó sì yí gain, ìyẹn bí máíkì ṣe ń gbé ohùn sókè tó, sílẹ̀, ariwo kọ̀ǹpútà á bá a lọ sílẹ̀. Tí ẹ bá tún mú un wá sí 10cm, 6 dB mìíràn nìyẹn. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu díẹ̀, kí "p" àti "b" má baà máa fẹ́ atẹ́gùn lù ú.

Tó bá jẹ́ máíkì cardioid, èyí tó ń gbọ́ iwájú ju ẹ̀yìn lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni kó kọ sí kọ̀ǹpútà. Ìyẹn ni pé iwájú yín ni kọ̀ǹpútà á wà, ní òdìkejì máíkì. Ẹ má gbé e sí ẹ̀yìn ara yín, torí ibẹ̀ ni máíkì dojú kọ. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kúrò lórí tábìlì, ẹ gbé e sórí búlọ́ọ̀kù méjì tí ẹ fi fóòmù pẹlẹbẹ lé, kí eruku ilẹ̀ má baà wọ̀ ọ́, kí ìgbọ̀n rẹ̀ má sì dé ẹsẹ̀ máíkì. Ẹ fi aṣọ tó nípọn bo ògiri tó wà lẹ́yìn yín, torí ariwo tó bá kọlu ògiri sìmẹ́ńtì á tún padà wá bá máíkì.


Ìyá Alálọ̀ọ́, Aṣéró

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà àti ọmọ. Bàbá, ẹ kú ìtọ́jú wa. Cardioid ni máíkì mi, mo ti yí i bí ẹ ṣe wí, mo sì ti sún mọ́ ọn. Ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn lójú ẹsẹ̀.

Ọmọkùnrin mi bá mi tú kọ̀ǹpútà náà ní ìta. Eruku inú rẹ̀ kò ṣeé ròyìn. Èèpo ẹyin ọmọńlé wà nísàlẹ̀ power supply, funfun báláú, ọ̀kan ṣì wà ní odidi. Paste tó wà níbẹ̀ ti di pẹ́pẹ́pẹ́. A nu ún, a fi tuntun sí i, mo sì ti gbé e sí 99%. Lánàá, oòrùn mú gan-an, fáànù náà kò gbéra títí mo fi pàlọ́ mẹ́ta parí. Inú mi dùn débi pé mo tún gbé àlọ́ ìjàpá àti àjànàkú kà láti ìbẹ̀rẹ̀, torí èyí tí mo ṣe tẹ́lẹ̀ kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Ó ku ohun méjì. Owó SSD di ìparí oṣù, ìkùn hard disk sì wà níbẹ̀ síbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀ látìgbà tí mo ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kúrò lórí tábìlì. Èkejì, tí NEPA bá mú iná lọ tí inverter gbà á, ariwo mìíràn máa ń dé, zzzzz, láti inú kọ̀ǹpútà àti láti inú inverter fúnra rẹ̀. Kí ló fà á? Fáànù ẹ̀yìn náà ṣì máa ń súfèé díẹ̀, mo ń gbọ́ ọ tí gbogbo ilé bá dákẹ́.


Oníkọ̀ǹpútà Pànṣẹ́kẹ́

Ìyá wa, ẹ kú oríire. Ẹyin ọmọńlé yẹn kò yà mí lẹ́nu. Ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni wọ́n máa ń wá. Ẹ fi táàpù dí àwọn ihò ẹ̀yìn tí kò sí káàdì nínú wọn, àmọ́ kì í ṣe ibi tí atẹ́gùn ń gbà o.

Títí SSD á fi dé, ẹ so hard disk náà rọ̀. Ẹ ra ẹlásítíìkì tí àwọn télọ̀ ń fi sí ìbàdí ṣòkòtò, èyí tó fẹ̀ díẹ̀. Ẹ yọ hard disk kúrò níbi tí wọ́n fi há a sí, ẹ na ẹlásítíìkì náà ní ìlà méjì láti ẹ̀gbẹ́ kan àpótí dé èkejì, ẹ lọ́ ọ kí ó di hard disk mú lókè àti nísàlẹ̀, kó lè dúró gbọọrọ láàárín láìfara kan irin níbì kankan. Ọ̀tọ̀ ni kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀, ibi tí wáyà rẹ̀ ti hàn síta. Ibẹ̀ kò gbọdọ̀ kan irin rárá. Ẹ jẹ́ kí okùn SATA rẹ̀ dẹ̀, torí tó bá le gbagidi, òun ni yóò tún máa gbé ìgbọ̀n náà padà fún àpótí. Tí ẹ bá fọwọ́ lé ara àpótí lẹ́yìn náà, ẹ ò ní mọ̀ pé hard disk wà nínú rẹ̀. Ẹ má gbé kọ̀ǹpútà náà kúrò lójú kan nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, tí ẹ bá sì fẹ́ gbé e rìn jìnnà, ẹ kọ́kọ́ dá a padà sí àyè rẹ̀.

Inverter ní tirẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ modified sine wave. Ẹ wo ara rẹ̀ tàbí ìwé rẹ̀. Iná tí irú rẹ̀ ń mú wá kì í rọra lọ sókè-sódò bíi ti NEPA; ó ń fò láti ibì kan sí ibòmíràn ni, transformer inú inverter àti power supply kọ̀ǹpútà á sì máa dún sí i. Kò sí ohun tí a lè ṣe sí kọ̀ǹpútà tó máa mú un kúrò. Pure sine wave ni ojútùú rẹ̀, ṣùgbọ́n owó ńlá ni. Títí dìgbà náà, ẹ gbé inverter jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí okùn nìkan wọ yàrá. Tó bá jẹ́ bátìrì olómi ló ń lò, kò tilẹ̀ yẹ kó wà nínú yàrá tí ẹ̀ ń tì pa, torí afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde tí iná bá ń wọ inú rẹ̀ lè gbiná. Ẹ fi ìgbà tí NEPA bá wà ṣe ibi tó bá ní ìdákẹ́ púpọ̀ nínú àlọ́.

Ó ku ìsúfèé ẹ̀yìn. Ihò wẹ́wẹ́ tí wọ́n lu sí irin lẹ́yìn fáànù ló sábà máa ń fà á. Afẹ́fẹ́ ń ya lára irin náà bó ṣe ń jáde. Àwọn kan máa ń gé irin ibẹ̀ kúrò pátápátá, wọ́n á wá fi wáyà roboto bò ó. Ó dára gan-an, mo ti ṣe é fún àwọn oníbàárà, ṣùgbọ́n motherboard, power supply àti gbogbo ohun inú rẹ̀ ni a máa kọ́kọ́ kó jáde kí ayùn tó kan irin, torí ìyẹ̀fun irin kan ṣoṣo tó bá bọ́ sórí motherboard ti tó láti jó o. Tiyín kò tíì dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi rọ́bà wẹ́wẹ́ sáàárín fáànù àti àpótí, a lè gé e láti ara tíúbù kẹ̀kẹ́ tó ti gbó, kí fáànù náà má fara kan irin tààrà. Tó bá ṣì ń súfèé lẹ́yìn ìyẹn, a máa pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó ń rọra yí, màá sì bá yín jó ẹnu okùn Dell tó ti wà níbẹ̀ mọ́ ọn, kí motherboard lè máa rí i.

Mo máa gba Aṣéró kọjá lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ ya fọ́tò ẹnu okùn fáànù ẹ̀yìn yẹn fún mi, kí iye wáyà inú rẹ̀ àti àwọ̀ wọn hàn kedere. Kí ẹ sì fi rúlà wọn fáànù náà láti etí kan sí èkejì, kí n lè mọ èyí tí màá mú dání.


Ìyá Alálọ̀ọ́, Aṣéró

92mm ni rúlà sọ, wáyà mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Mo ti fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sínú àpótí lẹ́tà yín. Àárọ̀ Sátidé ni kí ẹ yà o, torí ọ̀sán ni mo fẹ́ fi gba oríkì Ẹ̀gbá sílẹ̀.